Ta Ni Ó Ni Ìdáríjì?

Bí oòrùn oṣù kejì bá ti ń mú janjan, tí àwọn àgbẹ̀ Ọ̀kà Àkókó ti sun oko tán, tí wọ́n ń wo ojú òfuurufú fún òjò àkọ́rọ̀, ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń gba eérú sí iwájú orí. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a yà sí mímọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tí ó kọjá ni a sun di eérú náà. Láti ọjọ́ yìí, tí í ṣe Ọjọ́rú Eérú, títí di Àjíǹde, àwẹ̀ dé nìyẹn. Ẹran yóò di èèwọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. A ó máa tẹ̀lé Ojú-ọ̀nà Àgbélébùú láti ibùdó kìn-ín-ní dé ìkẹrìnlá. A ó máa ta aláìní lọ́rẹ. Ìlà àwọn tí ó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú àlùfáà yóò sì máa gùn sí i bí Àjíǹde ti ń súnmọ́ tòsí. Kò yẹ kí gígùn ìlà náà ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Láti ìgbà àpérò ńlá tí ìjọ ṣe ní Láteran, ní Róòmù, ní ọdún 1215, ni òfin ti wà pé kí olúkúlùkù tí ó ti dàgbà tó láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, kí ó sì gba oúnjẹ mímọ́ ní àkókò Àjíǹde. Ẹni tí ó ti ń sá fún àlùfáà láti ọdún dé ọdún, ìgbà àwẹ̀ ni ọwọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ìwàásù tí a máa ń gbọ́ jù ní àkókò náà ni ti àánú Ọlọ́run: bàbá tí ó sáré lọ pàdé ọmọ rẹ̀ onínàákúnàá, olùṣọ́-àgùntàn tí ó wá ẹyọ kan tí ó sọnù kiri. Àwọn ìwàásù náà dùn, òótọ́ sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà dúró lé lórí, òun ni mo sì fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò. Bí mo bá ṣẹ aládùúgbò mi, tí mo lọ jẹ́wọ́, tí àlùfáà sì dárí rẹ̀ jì mí ní orúkọ Ọlọ́run, ẹni tí mo ṣẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ti dárí jì mí nìyẹn láìmọ̀? Tàbí ó ti di dandan fún un láti dárí jì mí nítorí pé Ọlọ́run tí ó jù ú lọ ti ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ní, tọ́tọ́ ó ṣe bí òwe, ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ta ni ó ni ìdáríjì gan-an?

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè. A máa ń lo àánú àti ìforíjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A lè ṣàánú ẹni tí a kò mọ̀ rí. Arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà lè ṣe mí láàánú títí tí omi yóò fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n n kò lè dárí jì í, nítorí pé kò ṣẹ̀ mí. Àánú kò ní ààlà, ìforíjì ní oní-nǹkan. Lójú tèmi, ohun tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń wí ni pé a fi orí ẹni jìn ín: orí tí ó ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, tí ẹ̀tọ́ wà fún wa lórí rẹ̀, ni a dá padà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. A kì í sì í fi ohun tí kì í ṣe tiwa tọrẹ. Ìyọ́nú tún wà, inú tí ó ti dì tẹ́lẹ̀ tí ó wá yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Kò sí ẹni tí ó lè bá ẹlòmíràn yọ́ inú.

Bí a bá ka ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà dáadáa, a ó rí i pé ìjọ náà kò sọ nígbà kan pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ a máa gba ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni àpérò Trent là kalẹ̀ ní ọdún 1551 pé ẹni tí ó ronú pìwà dà gbọ́dọ̀ mú wá: kí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ṣe ìtánràn. Ó pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà, tí ó kú ní ọdún 430, ti kọ́ni pé ẹni tí ó jí nǹkan, tí agbára àtidá a padà sì wà fún un, tí kò dá a padà, ẹ̀tàn ni ìrònúpìwàdà rẹ̀. Sákéù agbowó-òde kò dúró lórí àbámọ̀ lásán. Ó ní ìlọ́po mẹ́rin ni òun yóò san fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ẹni tí ó fa pèrègún ààlà oko ẹlòmíràn tu ní oṣù kìn-ín-ní, tí ó jẹ́wọ́ ní oṣù kẹta, tí ó sì kọ ebè iṣu sórí ilẹ̀ náà ní oṣù kẹrin, eré ni ó ń ṣe, àlùfáà tí ó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn mùsùlùmí tí a jọ ń gbé náà mọ èyí. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni àwẹ̀ Rámádáánì bẹ̀rẹ̀, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, tí ó fi jẹ́ pé ní Ìkàrẹ́, níbi tí ọmọ ìyá méjì lè lọ sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwẹ̀ méjèèjì jọ wà nínú ilé kan náà. Àwọn ààfáà a máa kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, ìrònúpìwàdà tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tí a gbà, a gbọ́dọ̀ dá a padà fún un tàbí kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ̀ǹda rẹ̀. Lórí kókó yìí, ìlà kan náà ni ìgbàgbọ́ méjèèjì wà.

Àṣà ìbílẹ̀ wa gan-an kò jìnnà sí i. Bí ẹnìkan bá ṣẹ ẹlòmíràn, kì í dá lọ. Yóò kó àgbà méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, wọn yóò lọ ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà yóò sì máa rọ̀jò ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ bá wí tẹnu rẹ̀ tán, tí ó ka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni yóò tó wá sọ pé, “Ó dára, nítorí tiyín.” Ẹ kíyè sí i pé òun ni ó sọ ọ́. Àwọn àgbà kò bá a sọ ọ́. Bí wọ́n ti lè wúwo tó, alágbàbẹ̀ ni wọ́n, wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àṣà yìí náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ orí gba ìdáríjì lọ́wọ́ ọmọdé, pàápàá lọ́wọ́ ìyàwó ilé tí ọkọ lù, tí wọn yóò ní, “Àwa ni a sọ pé kí o fi jì í, ṣé o kò ní gbọ́ tiwa ni?” Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ìfipágbà ni. Obìnrin náà yóò dákẹ́, wọn yóò sì wí kiri pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Òwe tí wọ́n sì máa ń pa ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òwe àtàtà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àná ni òwe náà ń sọ, ẹni tí a óò bá ṣeré ni ó sì ń tọ́ka sí. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó wá pa ni lọ́mọ, tí a kò mọ ojú rẹ̀, tí kò sì padà wá.

Ọ̀nà tí ó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá àti Ọ̀bà kọjá ni ó já sí Ọ̀wọ̀. Ẹ̀kọ bíṣọ́ọ̀bù kan náà, ìyẹn ti Òǹdó, ni àwa ará Àkókó àti àwọn ará Ọ̀wọ̀ jọ wà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ìjọ Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí ìsìn òwúrọ̀ ń parí lọ. Wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju ohun abúgbàù láàárín èrò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó kéde pé ó tó 40 ènìyàn tí ó kú, tọmọdé tàgbà. Àwọn tí ó farapa pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà ni a ṣe ìsìnkú ọ̀pọ̀ nínú wọn papọ̀, tí a to pósí sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹni tí ó ti Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ fẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, tàbí tí ó ń tajà níbẹ̀, kò ní láti ka ìwé ìròyìn kí ó tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Eérú àwẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀lé e, ti 2023, ni ó kọ́kọ́ bá àwọn tí ọ̀ràn náà kàn. Kí ni a óò sọ fún wọn nígbà náà? Mo gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ní Àkókó níbí. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé fi ohunkóhun wẹ̀ àfi ẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn, tí ọwọ́ wọn mọ́, tí ọkàn wọn sì rọ̀, ní kí àwọn ará Ọ̀wọ̀ dárí jì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Jésù wí. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní kò pẹ́ mi sọ́rọ̀. Ẹ̀san tí a bá fi ọwọ́ ara wa gbà, ọmọ aláìṣẹ̀ mìíràn ni í sábà kàn. Ẹgbẹ́ kejì ni mo fẹ́ bá jiyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn jọ òótọ́ púpọ̀.

Gbèsè tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. A jẹ àwọn òkú ní ẹ̀mí wọn. Kò sí ọmọ, ìyàwó tàbí bíṣọ́ọ̀bù tí ó lè dúró ní ipò òkú kí ó ní, “Mo fi jì ọ́.” Àwa onígbàgbọ́ gbà pé wọ́n wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti dárí jì níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ni ẹnu láti sọ ọ́. A jẹ àwọn tí ó kù láyé ní tiwọn lọ́tọ̀: àga tí ó ṣófo nídìí oúnjẹ, owó ilé-ìwé tí kò rí ẹni san án, ẹsẹ̀ tí a gé. Ìyẹn ni wọ́n lè fi jì, òun nìkan sì ni. A jẹ ìlú ní ààbò rẹ̀, èyí sì wà ní ìkáwọ́ ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Àjọ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbé ọkùnrin márùn-ún lọ síwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá lórí ọ̀ràn náà. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Ẹjọ́ wọn wà lọ́wọ́ adájọ́, kò sì sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé opó kan lè dárí jì ní tirẹ̀ láàárọ̀, kí adájọ́ dájọ́ ní ọ̀sán, kí ọ̀kan má sì tako èkejì.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1981, ọkùnrin ará Tọ́kì kan, Mehmet Ali Ağca, yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì ní gbàgede Peter Mímọ́ ní Róòmù. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni Póòpù, láti orí ibùsùn ilé-ìwòsàn, sọ ọ́ di mímọ̀ pé òun ti dárí jì í. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1983, ó lọ bá a nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn méjèèjì sì jókòó sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Síbẹ̀ Ağca kò bá a jáde ní ọjọ́ náà. Ọdún 2000 ni ìjọba Ítálì tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti Póòpù ni Póòpù fi jì, ó sì fi ti ìjọba sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a tún rántí pé ẹni tí ọta ìbọn bà ni ó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwòsàn tí ó ń sọ fún un pé àsìkò ti tó.

Ẹnìkan yóò wá bi mí pé, ṣé Jésù kò pàṣẹ ìdáríjì ni? Ṣé kò sọ fún Pétérù pé kí ó má ṣe ka iye ìgbà? Ó pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe tí ó fi tì í lẹ́yìn nínú ìwé Mátíù. Ẹrú tí ọba fi gbèsè ńlá jì ni ó lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí gbèsè kékeré. Ta ni ó bi í léèrè? Ọba ni. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò bi í, ẹ̀bẹ̀ ni ó bẹ̀ ẹ́. Èyí ni mo fi ń sọ pé gbèsè ni ìdáríjì jẹ́ lóòótọ́, Ọlọ́run sì ni a jẹ ẹ́. A kò jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, a kò sì jẹ aládùúgbò tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba gbèsè yìí kiri láìjẹ́ pé Ọba rán an, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń gbà.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀wọ̀, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àròkọ alárìíyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí a dárí ji ẹni tí kò tọrọ ìdáríjì. Púpọ̀ nínú wọn ní ó yẹ, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ti gbọ́ nínú ìwàásù. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé òun kò mọ ẹni tí òun yóò gbé ìdáríjì náà fún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ka gbólóhùn náà ní ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó máàkì rẹ̀, ó sì mú mi padà sí ìtàn ọmọ onínàákúnàá. Bàbá náà ti ń wo ọ̀nà. Inú rẹ̀ ti yọ́ kí ọmọ tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n kò di aṣọ àti òrùka pọ̀ kí ó gbé wọn lọ bá a nídìí ẹlẹ́dẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó dúró de ìgbà tí ọmọ náà yọ lókèèrè, nígbà náà ni ó sáré. Ìdáríjì a máa wà ní dídì sílẹ̀ kí ẹni tí yóò gbà á tó dé. Bí kò bá dé, ó wà ní dídì síbẹ̀, ẹni tí ó dì í kò sì jẹ̀bi.

Ohun kan sì wà nínú ìwé Lúùkù tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìwàásù rí. Lórí àgbélébùú, Jésù kò kọjú sí àwọn tí ó kàn án mọ́ igi kí ó sọ fún wọn pé òun ti fi jì wọ́n. Bàbá ni ó kọjú sí, ó bẹ Bàbá kí ó dárí jì wọ́n. Sítéfánù náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí òkúta ń bà á. Bóyá ibi tí agbára ẹlẹ́ran ara mọ nìyẹn nígbà tí ìrora ṣì gbóná. Ẹni tí kò lè sọ pé, “Mo dárí jì,” lè gbé ẹjọ́ náà fún Ọlọ́run, kí ó sì yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nínú ẹ̀san. Bí ó bá ṣe èyí nìkan nínú ogójì ọjọ́ àwẹ̀, ó ti gbààwẹ̀ ju ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹran lọ. Kò sì yẹ kí a kánjú bá a kà á. Láti ọdún 2000, nígbà tí a sọ Faustina Kowalska ará Pólàǹdì di ẹni mímọ́, ni ìjọ ti ya Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé Àjíǹde sọ́tọ̀ fún Àánú Ọlọ́run. Àwẹ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ó ṣáájú rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà.

Ó ku ibi tí ó le jù. Ká ní ẹni tí ó ṣe ibi náà ní Ọ̀wọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó jẹ́, wá sínú ìjọ lọ́jọ́ kan, tí ó ronú pìwà dà tọkàntọkàn, tí ó kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà. Ẹ̀kọ́ ìjọ kò fi iyèméjì sílẹ̀: Ọlọ́run kì yóò lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè mú kí ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ pa ìwé yìí dé, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí àánú Ọlọ́run bá ní ẹni tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé òun náà di tiwa, tí a ń wọ̀n fún ẹni tí ó bá wù wá. Àlùfáà yóò kọ́kọ́ sọ ìtánràn tí yóò ṣe fún un, kò sì lè ṣàì kan àwọn ará Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò dárí jì í ní orúkọ Ọlọ́run, tí yóò sì ní kí ó dìde. Àlùfáà lè rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ jẹ́wọ́ ní gbangba ohun tí ó jẹ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí òfin mú un, kí ó sì ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé mìíràn lè dá a lóhùn, ilé mìíràn lè má ṣílẹ̀kùn, àlùfáà kò sì ní kọ́kọ́rọ́ ìkankan nínú àwọn ilé náà.